Aṣọ Búlúù Lára Ẹ̀gún

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 1935, mo gbé ogójì ìrépé aṣọ ìyàwó mi kọ́ sára ẹ̀gún nínú igbó, mi ò so ẹyọ kan. Òjò wínníwínní ti ń rọ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tí mo kọ́ èyí tó kẹ́yìn, aago mọ́kànlá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá.

Ó yẹ kí n so wọ́n. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ là ń là yí òkè ká nínú igbó ìjọba, ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí àwọn ará ìlú ńlá lè máa wá wo igi àti ẹyẹ láìmí gúlegúle. Nínú igbó wa, ènìyàn kì í rí ohun tó wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ á kọ́kọ́ lọ ṣíwájú, á máa so aṣọ mọ́ igi bó ṣe ń lọ. Àwọn tó ń gé igbó á gé e dé ibi aṣọ, wọn á wojú ọ̀nà títí wọn á fi rí òmíràn, wọn á sì gé e débẹ̀. Wọn kì í béèrè. Bí ẹnì kan bá gbójú sókè tó ní, "Ṣé ibí náà ni?" Bàbá Tunstall, olórí ikọ̀ wa, á dá a lóhùn pé, "Aṣọ ni kí o bi."

Èmi ni mo ń wọn ilẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí kí n tó mọ ìwé kà, ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ní ilé ìpẹran, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ màlúù lábẹ́ èékánná. Nítorí pé mo lè ka nọ́ńbà ara awò tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, wọ́n mú mi kúrò nídìí ṣọ́bìrì, wọ́n fún mi ní oṣù méjì ìdánwò. Bí mo bá yege, màá di òṣìṣẹ́ ìjọba títí lọ, wọn á sì fún mi ní ilé kan tó bá iṣẹ́ náà rìn, onípákó, oníyàrá mẹ́ta, ní ìsàlẹ̀ òkè. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún náà ni Enid ìyàwó mi àti Thelma ọmọ wa ti ń sùn ní fàráńdà ẹ̀gbọ́n Enid ní àfonífojì. Àpò ọkà tí a gán pọ̀ ni ògiri wọn. Bí òjò bá ti ìwọ̀-oòrùn wá, wọn á gbé bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ ilẹ̀kùn. Bó bá ti gúúsù wá, wọn á tún un gbé padà. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún nínú oṣù Kẹsàn-án.

Aṣọ pupa tí ìjọba ń fún wa ti tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Mo kọ̀wé sí Enid. Kò kọ̀wé padà. Ó ya kaba rẹ̀ búlúù, èyí tó ní àmì funfun tóótòòtó, sí ọgọ́ta ìrépé, ó dì í sínú àpò ìyẹ̀fun, ó sì fi rán ẹni tó ń kó bọ́tà gun òkè.

Ìdí tí mi ò fi so ó ni pé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án, ewé igi aláta kan, tó ń ta ènìyàn bí agbọ́n, fara kan ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún mi. Igi yẹn kò ju èjìká lọ, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó rí múlọ́múlọ́ bí ewé tí a lè fi nu ojú ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, bí omi tútù bá kán sí i, ìka mi kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún tí a ń pè ní dúró-ná ló kún ibẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja. Mo gbé aṣọ lé e, ó dì í mú. Mo fà á díẹ̀, kò já. Mo ní ó ti tó.

Bàbá Tunstall rán mi lọ sí òdìkejì òkè ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà, kí n lọ wọn ilẹ̀ fún àwọn márùn-ún tó ń gé bọ̀ wá pàdé wa láti ibi àwọn igi bíìṣì àgbà. Ìgbésẹ̀ ọgọ́fà ló kù láàárín ikọ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gbẹ́ni Pascoe, alábẹ̀wò láti olú-ìlú, á rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá rìn ín já, mo ti yege nìyẹn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Clarrie Dunphy pè mí bí mo ṣe ń gbé àpò kọ́ èjìká. Clarrie kúrú, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, òun ló ń fi àdá ṣíwájú. "Bó o bá débẹ̀, bá mi kí àwọn ọ̀lẹ wọ̀nyẹn. Sọ fún wọn pé a ó ti máa mu tíì dè wọ́n."

"Ẹ ṣá tẹ̀lé aṣọ," ni mo wí.

"Aṣọ ìyàwó rẹ? Títí dé òpin ayé ni màá tẹ̀ lé e."

Merv Kropp rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni Merv, ó tóbi bí ilẹ̀kùn àká, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló ń sọ lóòjọ́, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ nípa oúnjẹ. Òun ló ń fi òkúta tẹ́ etí ọ̀nà.

Ọjọ́rú ni mo padà, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹwàá, aago méjì ọ̀sán. Eṣúṣú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo já kúrò lẹ́sẹ̀ mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo sún mọ́ ibi iṣẹ́, mi ò gbọ́ ìró àdá, mi ò gbọ́ ṣọ́bìrì. Ayékòótọ́ pupa nìkan ló ń pariwo lókè. Mo rò pé igi wó lù wọ́n.

Mo dé ibi aṣọ kẹsàn-án. Láti ibẹ̀, ìlà mi yà sí ọ̀tún. Mo wo ọ̀tún, igbó ni. Dúró-ná dúró gbọnyin bó ṣe wà ní ọjọ́ Ajé, kò sí aṣọ lára rẹ̀. Mo wo òsì. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tó dára ni, kí n má purọ́. Mi ò tíì rí ọ̀nà tó dára tó bẹ́ẹ̀ lórí òkè náà. Ó fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ dáadáa, Merv ti to òkúta sí etí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọdé. Ó yípo ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan tó ti fún igi mìíràn lọ́rùn pa, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú kòtò kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kí a gbà. Mo ka ìgbésẹ̀ mi. Àádọ́ta ó lé méjì.

Ní òpin rẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́ta nà gbalaja nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ìtì igi, ikùn wọn nílẹ̀, fìlà wọn lọ́wọ́. Bàbá Tunstall wà láàárín. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni.

"Ṣé ẹ kú ni?" ni mo béèrè.

"Ṣìì!" Clarrie na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbá mi lójúgun mú. "Dọ̀bálẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ó ní àlejò."

"Ta ló ní àlejò?"

"Ọkọ ìyàwó."

Mo dọ̀bálẹ̀. Lórí ilẹ̀, ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí wa, ẹnì kan ti gbá ewé kúrò ní ojú ibi tó tó ẹní kan. Ó ti gún igi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì, tí orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọmọbìnrin kan lè kọ́ fún bèbí rẹ̀. Iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà búlúù. Ìyẹ́ ayékòótọ́ búlúù wà níbẹ̀, ìdérí ìgò kan, òdòdó, àti bébà táábà tí Clarrie ti ń fẹ̀sùn rẹ̀ kan Merv láti ọ̀sẹ̀ kan. Yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n tẹ́ kaba Enid, ìrépé lórí ìrépé, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹyẹ kan, irú èyí tó máa ń kó ohun búlúù jọ fi fa abo mọ́ra, dúró láàárín rẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán bí bàtà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, àwọ̀ aró wà nínú dúdú rẹ̀ bó bá yí ara, ojú rẹ̀ sì búlúù. Abo ẹyẹ kan, obìnrin tí ara rẹ̀ rí bí ewé gbígbẹ, dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó. Mo mọ irú ìwò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Enid ṣe wò mí nígbà tí mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ fẹ́ràn mi.

Akọ náà he ìrépé kan. Ó gbé e sókè, ó jù ú, ó fò lé e, ó ṣe ìyẹ́ fẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kírírírí bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí okùn rẹ̀ ti lọ́. Ó sáré lọ sápá ọ̀tún. Ó dúró gan-an bí ọlọ́pàá. Ó tún sáré padà, ó he ìrépé mìíràn, èyí tí ihò bọ́tìnì ọrùn kaba náà wà lára rẹ̀, ó fi han obìnrin náà bí ẹni ń sọ pé, "Èyí ńkọ́? Ṣé o rí ihò yìí?"

"Ó ti tó wákàtí kan," ni Clarrie ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Obìnrin yẹn kì í ṣe ẹni à ń fi nǹkan kékeré rà. Ó wọlé, ó jáde, ó wọlé. Bàbá ní kò ní gbà. Èmi ní á gbà."

"Kò ní gbà," ni Bàbá Tunstall wí, láìmi ètè. "Ó ti wo òrùlé lẹ́ẹ̀mejì. Kò fẹ́ràn òrùlé."

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Ẹyẹ náà ti ká aṣọ mi kúrò lára ẹ̀gún bí ẹni ká èso. Bó ṣe ń gbé wọn lọ sílé, ẹ̀gún dúró-ná gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Àwọn ènìyàn mi dé aṣọ kẹsàn-án, wọ́n wojú ọ̀nà, wọ́n rí búlúù ní òsì. Wọn kò béèrè. Aṣọ ni wọ́n bi. Ọjọ́ méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi la ọ̀nà ìjọba lọ sí ilé ẹyẹ.

"Bàbá," ni mo wí. "Ibí kọ́ ni."

"A ti rí i," ni ó wí.

"Ìgbà wo lẹ rí i?"

"Ìgbà tí Merv gbé òkúta tó kẹ́yìn kalẹ̀, tí ẹyẹ jáde wá bú u."

"Ọ̀tún ni. Ìgbésẹ̀ ọgọ́rin ló kù ní ọ̀tún. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gbẹ́ni Pascoe ń bọ̀."

Bàbá Tunstall yí orí sí mi. Ẹrẹ̀ wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìwọ lo so aṣọ yìí, àbí ìwọ kọ́?"

"Mo gbé e kọ́ ẹ̀gún ni, Bàbá. Mi ò so ó."

"O kọ́ ọ."

"Ọwọ́ mi ni..."

"O *kọ́* ọ." Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ jáde láti inú àpò, ó gbé e lórí ìtì igi. Ó yọ pẹ́ńsù ìkọ̀wé rẹ̀ láti etí, ó gbé e lórí ìwé, ó ń wá dígí ojú rẹ̀ nínú àpò kejì. Ohun tí Bàbá bá kọ sínú ìwé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba á ṣe gbà á gbọ́. Mo rí fàráńdà. Mo rí àpò ọkà.

Pẹ́ńsù náà búlúù.

Kò sẹ́ni tó rí bí ẹyẹ náà ṣe dé. Ó ṣá wà níbẹ̀ lójijì, lórí ìwé ìjọba, ó fi ojú kan wo Bàbá Tunstall, ó fi ojú kejì wò ó, ó gbé pẹ́ńsù náà sẹ́nu ní ìbú, ó sì lọ. Ó bà sí iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bọ́tìnì. Ó sún un díẹ̀ sí ọ̀tún. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún sún un.

Obìnrin náà jókòó.

"Ó gbà!" ni Merv pariwo. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Láti ìgbà tí Bàbá Tunstall ti ogun dé, kò sí ẹni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lórí òkè náà. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohùn kan jáde láti inú rẹ̀ bí ayùn tó pàdé ìṣó. Mo rò pé àìsàn ló gbé e. Ó tún jáde. Ó fi iwájú orí lu ìtì igi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "Pẹ́ńsù mi! Ó fi pẹ́ńsù mi fẹ́yàwó!" Clarrie bú sẹ́rìn-ín títí ó fi yí gbirigbiri sínú dúró-ná, ẹ̀gún gbá a ní ṣòkòtò mú, kò lè dìde, bẹ́ẹ̀ ni kò yé rẹ́rìn-ín. Merv gbìyànjú láti fà á yọ, ó fà á pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ikùn ara rẹ̀ mú, ṣòkòtò náà ya fàà láti ìdí dé orúnkún.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n!" ni Clarrie ń kígbe látinú ìtàkùn. "Kọ̀wé sí Enid! Sọ fún un pé kaba rẹ̀ ti bá ọkùnrin mìíràn lọ!"

Mo fẹ́ bínú. Mo ní ìdí tó pọ̀ láti bínú, mo sì lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín gbá mi ní ikùn, mo wó lé Bàbá Tunstall, àwa méjèèjì sì ń na ẹrẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọdé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹyẹ náà dúró ní ẹnu ilé rẹ̀, ó ń bú wa kírírírí, ó ń bú ìyá wa, ó ń bú bàbá wa, pé kí a jáde nínú ilé òun, a ń dójú ti òun níwájú àlejò.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀nà tòótọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu àti àárẹ̀ lẹ́yìn. Merv bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, mo ya á, mo so ó. Mo fi eyín fa kókó kọ̀ọ̀kan le. Clarrie ń gé níwájú pẹ̀lú ṣòkòtò yíya, a sì ń tẹ̀ lé aṣọ funfun àti ìdí tirẹ̀. Ẹ̀yìn wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òjò dé ní ọjọ́bọ̀ ní aago mẹ́ta ìdájí, kò sì dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú omi la ti jẹ búrẹ́dì tí a yan nínú eérú pẹ̀lú oyin dúdú. Ó rọ̀ kí a tó gbé e dé ẹnu.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́bọ̀ náà, àwọn edé ńlá jáde láti inú odò, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí omi bá bo ilẹ̀. Búlúù ni wọ́n, búlúù tó le, ẹ̀gún funfun lẹ́yìn wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé. Ọ̀kan dúró láàárín ọ̀nà wa, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń ṣe fíìì sí Merv, ọkùnrin tó lè gbé màlúù.

Merv ká apá sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ó wí. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán wa."

Edé náà ò yẹ̀.

"Ẹ pamọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Clarrie sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́. "Ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ yìí. Bó bá rí yín báyìí, ìyàwó kejì ló máa fi yín fẹ́."

Ẹ̀rín tún gbé wa. A rẹ́rìn-ín títí agbára wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a sì ní láti jókòó nínú òjò, edé náà sì ṣẹ́gun, ó gba ojú ọ̀nà wa kọjá bí ọba. Bàbá Tunstall ní kí a dìde. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń bínú, ṣùgbọ́n ó ń fi fìlà bo ẹnu.

A gé ọgọ́ta ìgbésẹ̀ ó dín díẹ̀. Àwọn ará òdìkejì gé tiwọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, aago mẹ́sàn-án, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ló kù. Ènìyàn lè rìn ín bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè. Bàbá ní ó lè kọjá. Ìjọba ti gba ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ àná la ti gé ẹ̀ka tútù, a fi dí ẹnu ọ̀nà ẹyẹ, a tò ó títí ó fi jọ igbó.

Ọ̀gbẹ́ni Pascoe gùnkè dé ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, bàtà rẹ̀ mọ́ nínú igbó tí ohunkóhun kì í mọ́. Wọ́n ní ó lé ọkùnrin méje kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì kí wọn káàárọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó lé wọn. Ó rìn, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkúta, ó ń ní, "Ó dára. Ó dára." Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá sọ ọ́, ojú ilé onípákó náà túbọ̀ ń mọ́lẹ̀ sí mi. Mo ti rí ibi tí àga á wà.

Ní ibi aṣọ kẹsàn-án, ó dúró. Ó wo ẹ̀ka wa.

"Òjò rọ̀ lánàá?"

"Ó rọ̀, sà," ni Bàbá wí.

"Látàárọ̀ dalẹ́?"

"Látàárọ̀ dalẹ́, sà."

"Kí ló wá dé tí ewé wọ̀nyí fi rọ?"

Ó fi ọ̀pá fa ẹ̀ka kan, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ wàà, ọ̀nà ẹyẹ sì hàn kedere pẹ̀lú òkúta Merv bí eyín tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Pascoe gbẹ́sẹ̀ kọjá ẹ̀ka náà. Ó gba inú rẹ̀ lọ. A tẹ̀ lé e, Clarrie jẹ fìlà ara rẹ̀ lẹ́nu, Merv ń wo ọ̀run.

Ẹyẹ wà nílé. Àlejò tuntun ló dé bá a, obìnrin mìíràn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sáré, ó dúró bí ọlọ́pàá, ó dún kírírírí, ó gbé pẹ́ńsù ìjọba sókè. Ọ̀gbẹ́ni Pascoe rọra tẹ orúnkún kan sínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ ìkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló fi wà níbẹ̀. Mo wo aago Bàbá. Nígbà tó dìde, ẹrẹ̀ wà ní ṣòkòtò rẹ̀ dé itan, ojú rẹ̀ sì ti di ti ọmọ ọdún mẹ́jọ.

"Ẹ rí i bó ṣe gbé pẹ́ńsù?" ni ó ń wí. "Ẹ rí i? Ó wò ó kó tó gbé e! Ogún ọdún ni mo ti ń wọ igbó, mi ò rí èyí rí. Ta ló ronú rẹ̀? Ta ló ní kí ọ̀nà gba ibí?"

Clarrie fò síwájú kí ẹnì kankan tó mí. Ó rò pé oore ni òun ń ṣe. "Bàbá Tunstall ni, sà! Wọ́n ní àwọn àlejò á fẹ́ rí i. Wọ́n ní, ẹ jẹ́ ká là á débí."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gbẹ́ni Pascoe díẹ̀díẹ̀. "Tunstall. O fi ìlà ìjọba sílẹ̀, o fi òṣìṣẹ́ ìjọba la ọ̀nà tìrẹ, o kò gba àṣẹ?"

Bàbá Tunstall dúró ṣánṣán. Ọdún méjì ló kù kí ó gba owó ìfẹ̀yìntì. Ó wo iwájú, kò wò mí. Mo rí i pé kò ní dárúkọ mi. Ó máa dúró bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àṣìṣe ni, sà," ni mo wí. "Tèmi ni. Èmi ni mo wọn ilẹ̀. Mo kọ́ aṣọ sára ẹ̀gún, mi ò so ó. Ẹyẹ kó o, wọ́n sì gé e tẹ̀ lé aṣọ bí òfin ṣe wí. Àwọn ò jẹ̀bi."

"Kí ló dé tí o kò so ó?"

Mo fi ọwọ́ mi hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó mọ ewé náà. Àmì rẹ̀ wà ní ọrùn-ọwọ́ òun náà.

"O ì bá ti sọ fún ẹnì kan pé ọwọ́ rẹ kò dá," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi."

Ó mi orí. Ó tún bojú wẹ̀yìn wo ẹyẹ náà, kò lè mú ojú kúrò. "Ẹ má dí ọ̀nà yìí mọ́," ni ó sọ fún Bàbá. "Ẹ fi ìjókòó kan síbẹ̀. Kó kúrú." Ó wá sọ fún mi, jẹ́jẹ́, pé kí n padà sídìí ṣọ́bìrì ní ọjọ́ Ajé. Ó kí mi káàárọ̀.

Nígbà tó ti lọ, a kọrí sí àgọ́. A dé ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́. Clarrie ń rìn níwájú mi, orí rẹ̀ tẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹnu mi ló ba nǹkan jẹ́. Bí mo bá ní òwú, ǹ bá rán an pọ̀."

"Rán ṣòkòtò rẹ ná," ni mo wí.

Ó dúró. Ó wo ìdí ara rẹ̀. Ó wá ṣe apá méjèèjì fẹ̀rẹ̀, ó sáré lọ sápá ọ̀tún lójú ọ̀nà, ṣòkòtò ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró gan-an, ó dún kírírírí. Merv dá a lóhùn pẹ̀lú ohùn bí ti màlúù. Bàbá Tunstall he òkúta kan ní etí ọ̀nà, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ìtẹríba, ó yẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wò mí bóyá mo fẹ́. Mo gbà á. Ẹ̀rín pa mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó sínú ewé, eṣúṣú sì rí mi.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá, wọ́n fún ọkùnrin kan láti ìlú Warwick ní iṣẹ́ náà. Wọ́n fún un ní ilé náà pẹ̀lú. Enid àti Thelma lo oṣù mọ́kànlá sí i ní fàráńdà.